Àwo Kì í Padà Lófìfo

Ìjì wó igi máńgòrò ìyá mi.
Kò wó o sílé wa, kò wó o sí títì,
orí ògiri Láoyè ló wó o lé,
Láoyè tí a kò kí ara wa láti ọdún mẹ́fà
nítorí ewé igi yìí kan náà
tó ń já sínú kànga rẹ̀.

Mo ti ń retí èébú.
Ó jáde, ó wo igi, ó wò mí,
ó wọlé padà.
Èébú ìbá sàn jù.

Ọmọ mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń dáná ẹja.
Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
mo jókòó ti igi, mo ń ka òrùka inú rẹ̀,
mo kà á dé ọdún tí wọ́n bí mi, mi ò lè tà á mọ́.

Rájí wẹ́dà ní Ṣábó
tú mọ́tò inú ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́, ó bá mi fi ro ẹ̀rọ kan:
ó ń kùn bí agbọ́n, ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú,
ṣùgbọ́n ẹ gbé igi lé e,
igi á máa yí bí òkòtó tí a ń ta ní kékeré.
Mo fi ẹnu irin kàn án,
èérún ń fò wá sí irùngbọ̀n mi,
gbogbo Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n ń gbóòórùn máńgòrò
láìsí èso kan lókè.

Àkọ́kọ́ fò kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fọ́ fèrèsé.
Èkejì dà bí fìlà tí ènìyàn sùn lé.
Ẹ̀kẹta dán. Mo gbé e fún nọ́ọ̀sì Olúfọ̀ńkẹ́
tó gbẹ̀bí ọmọ-ọmọ mi lóru àìsíná.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó ránṣẹ́:
“Tíṣà, àwo yín ti lanu.”

Wọ́n ní igbá olóore kì í fọ́.
Tèmi fọ́ kí oṣù tó lé.
Igi ò tíì gbẹ, èmi ni mo kánjú.
Mo sáré lọ gbà á, ojú ń tì mí.
Ó ti lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán,
ó fi okùn rán an bí wọ́n ṣe ń rán igbá,
ó to ọsàn sínú rẹ̀.
“Mi ò dá a padà o,” ló wí.

Mo wá dúró.
Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ.
Nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀, irin mi há sára nǹkan:
ìṣó. Ìṣó tí ìyá mi kàn láti so okùn aṣọ,
igi ti gbé e mì.
Mo yọ ọ́. Ihò rẹ̀ kù létí àwo,
ìlà dúdú ti ibẹ̀ ṣàn dé ìsàlẹ̀
bí odò tí mo máa ń yà sójú pátákó.
Mo pa á lórí títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ní gbogbo ìṣirò tí mo ṣe láyé,
mi ò rí ìdáhùn kan tí ó gbóná lọ́wọ́ báyìí.

Mo gba ibi ògiri tó wó kọjá.
“Igi tó wó ògiri yín nìyí.”
Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.
Láoyè yí àwo náà po, yí i po,
ó ti ìka bọ ihò.
“Ibí ni Màmá máa ń so okùn mọ́.
Aṣọ tèmi náà gbẹ lórí ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kẹta ọmọ rẹ̀ gbé àwo dé,
kajú yíyan kún un dé etí.
Mo jẹ ẹ́ tán. Mo wo àwo.
Ta ní í dá àwo padà lófìfo?
Mo kó ẹ̀pà sí i.

Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ tí àwo yẹn ti gba ibẹ̀ kọjá.
Ìtì mọ́kànlá ṣì wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n ń gbẹ.
Láoyè ní òun ń wá bíríkìlà.
Kò wá a.